Pọ́dà Lójú Àǹtí Rẹ̀mí

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìran wa, kó lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Ní tèmi, ariwo ilé wa ní Ìbà ni mo mọ̀, pàápàá lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí Ìyá Onílé, obìnrin Àwórì tó ni ilé náà, á ti máa gbá àgbàlá, á máa fi ìgbálẹ̀ na ilẹ̀ bí ẹni ń na ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà lẹ ó gbọ́ ìró korobá létí kànga, ẹ ó gbọ́ rédíò bàbá mi tó máa ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ìyá mi bí wọ́n ṣe ń wá bàtà wọn kiri. Yàrá mẹ́jọ ló kọjú síra nínú ilé náà, àwa la ni mẹ́ta nínú rẹ̀. Bàbá mi ń ṣe akọ̀wé ní yunifásítì, ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀jọ́. Èkìtì làwọn méjèèjì, wọ́n sì gbà pé ìwé, iyán àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló lè sọ ọmọ di ènìyàn. Ẹni tó ń tọ́ wa ní tòótọ́ ni Àǹtí Rẹ̀mí, àbúrò ìyá mi tó kéré jù, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń wẹ̀ wá, òun náà ló tún ń di irun fún àwọn obìnrin àdúgbò nínú ìsọ̀ pákó kékeré tó wà níwájú ilé. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó". Òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún mi nígbà náà: "Dúpẹ́, tí o bá tún fi 'wọ́n' sọ mí di ìyá arúgbó lójú àwọn kọ́sítọ́mà mi, màá fi kóòmù gbá ẹ lórí." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Tó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, wọ́n á gbọ́ ọ lójú títì.

Nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ ni Búọ̀dá Káyọ̀dé ń gbé, ọ̀dọ́kùnrin ará Ògùn kan tí gbogbo ilé ń pè ní Dáírẹ́kítọ̀. Kò tíì darí nǹkan kan nígbà náà ju àwa ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ó ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àti ẹ̀rọ fídíò, ìyẹn sì tó. Lọ́sàn-án Sátidé, tí bàbá mi bá ti lọ sípàdé àwọn ọmọ ìlú wọn, Dáírẹ́kítọ̀ á yá kásẹ́ẹ̀tì wá láti Okókómáíkò, àwa ọmọdé á sì fún ara wa mọ́ orí ẹní rẹ̀. Fíìmù òkú tó ń rìn ló fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó rí, fíìmù òyìnbó ni, irú èyí tó jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Àwòrán rẹ̀ á máa gbọ̀n, ohùn á ti sọ̀rọ̀ tán kí ẹnu tó là. Òkú á jáde nínú sàréè, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á máa wọ́sẹ̀ bí ẹni tí bàtà fún. Ẹni tí òkú náà ń lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá, síbẹ̀ kò ní sáré. Á ṣubú, á wẹ̀yìn, á ké. "Dìde, òpònú!" la ó máa pariwo. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé òkú òyìnbó ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àkúdàáyà tiwa, tó bá kú ní Ìbàdàn, á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á gba yàrá, á fẹ́yàwó, á máa ṣòwò rẹ̀ jẹ́jẹ́, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi ṣèèṣì rí i lọ́jà. Òkú òyìnbó, ọpọlọ ènìyàn ló fẹ́ jẹ. "Ebi ló pa wọ́n," ni Àǹtí Rẹ̀mí máa ń sọ. "Kò sẹ́ni tó se ọbẹ̀ gidi fún wọn nígbà ayé wọn."

Mo ti dàgbà, mo ti wo fíìmù tí wọ́n náwó gọbọi lé lórí, mi ò sì tíì rí èyí tó mú mi tó ìwọ̀nyẹn. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a máa ń rí okùn tí wọ́n fi so apá òkú mọ́ ọn, a máa ń rí òjìji ẹni tó gbé kámẹ́rà lára ògiri, a ó máa tọ́ka sí i, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, màá bẹ Àǹtí Rẹ̀mí pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, kó máa kọrin kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rín ò lé ẹ̀rù lọ rárá. Àǹtí alára burú jù mí lọ nídìí fíìmù yìí. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀wà kaná, ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wo ibi tí wọ́n bá a dé. Kí òórùn jíjó tó dé yàrá Dáírẹ́kítọ̀, ìdí ìkòkò ti di èédú. Ìyá mi pariwo lé e lórí: "Rẹ̀mí! Ìwọ tó fẹ́ wọlé ọkọ, òkú lo jókòó tì!" Kò sí oúnjẹ mìíràn, a da gààrí sí ẹ̀wà tó ń rùn èéfín náà, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi tó dé láti ìpàdé wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́," wọ́n sì ń jẹun lọ.

Òótọ́ ni pé Àǹtí Rẹ̀mí fẹ́ wọlé ọkọ. Búọ̀dá Ṣẹ́gun lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ọ̀yọ́, ó ń tún fíríìjì ṣe ní Okókómáíkò. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó máa ń wo Àǹtí bí ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n wá gbé iyán síwájú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána. Ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Ṣẹ́gun, wà lára àwọn ìyá àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, wọ́n sì fẹ́ràn Àǹtí mi dénú. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kan wà lọ́kàn wọn tí kò tíì jiná. Ìyàwó tí àkọ́bí wọn fẹ́ kò lo ọdún kan nínú ilé tó fi kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ìyàwó tó ń bọ̀ ti ń bà wọ́n. Wọ́n á gbààwẹ̀ fún Àǹtí Rẹ̀mí, wọ́n á fi omi àdúrà ránṣẹ́ sí i nínú ike, wọ́n á ní kó fi bọ́jú kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Àǹtí á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á fi bọ́jú.

Àkókò yẹn gan-an ni Dáírẹ́kítọ̀ pinnu pé òun náà á ṣe fíìmù òkú tòun. Ó ní tí òyìnbó bá lè fi pọ́dà lásán dẹ́rù ba gbogbo ayé, kí ló ń ṣe ọmọ Yorùbá? Ó yá kámẹ́rà ní Alábà, ó sì mú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn ilé wa, tí koríko ti bò, pé ibẹ̀ ni itẹ́ òkú. Òkú méje ló fẹ́. Ó rí mẹ́fà láàárín àwọn ayálégbé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò, ló bá yíjú sí Àǹtí Rẹ̀mí. Àǹtí kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Àwọn ará ilé ọkọ mi ńkọ́?" Dáírẹ́kítọ̀ ní, "Sísítà mi, pọ́dà tí mo máa kùn fún ẹ, ìyá tó bí ẹ lọ́mọ ò ní mọ̀ ẹ́." Mo rí i lójú Àǹtí pé ó ti gbà kó tó dáhùn. Àtikékeré ló ti fẹ́ ṣe eré, ó máa ń sín àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ jẹ fún wa bí wọ́n bá ti lọ tán, ìrìn wọn, ohùn wọn, bí wọ́n ṣe ń yọ owó lábẹ́ ìró. Ìyá Onílé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ dáwọ́ dúró. "Rẹ̀mí, wọn kì í wọ aṣọ òkú dán wò o." Àǹtí ní, "Ẹ̀yin Ìyá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi mà ni." Ṣùgbọ́n nígbà tó kù èmi àti òun, ó di etí mi mú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Dúpẹ́, ohun tí o bá rí lẹ́yìn ilé yìí, kò gbọdọ̀ dé Okókómáíkò. Ṣé o gbọ́? Ilé ọkọ mi ló wà nínú ẹnu ẹ yìí." Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè ọ̀run, mo búra fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n yà á, a rí nǹkan. Ìyẹ̀fun àti pọ́dà ni Dáírẹ́kítọ̀ pò mọ́ra tó kùn sójú wọn. Epo pupa àti tòmátò inú agolo ni ẹ̀jẹ̀, bí oòrùn sì ti ràn sí i báyìí, eṣinṣin gbogbo Ìbà gbọ́. Òkú kan ń sín, òkú kan ń yún ara nítorí tanpẹ́pẹ́, ẹlòmíì gbàgbé láti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!" ni Dáírẹ́kítọ̀ ń pariwo. "Òkú kì í bi ènìyàn pé ìgbà wo la máa jẹun!" Ìyá mi tó lóun ò ní wo ìwà were dúró sẹ́yìn fèrèsé, ejìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó wá kan Àǹtí Rẹ̀mí. Òun ni òkú kẹta. Ó dùbúlẹ̀ sínú kòtò kékeré tí wọ́n gbẹ́, wọ́n da koríko bò ó, Dáírẹ́kítọ̀ ní ó yá. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ó rọra jókòó, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó la ojú tí kò wo ẹnikẹ́ni, ó sì yí i síbi tí mo dúró sí. Èmi ni mo gbé abọ́ ìyẹ̀fun dání nígbà tí wọ́n ń kùn ún lójú. Mo mọ̀ pé Àǹtí mi ni, ẹni tó wẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fi bàtà kan sílẹ̀ níbẹ̀, mo sá wọlé.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ìyànà Ìbà ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn á dúró, wọ́n á wo òkú tó so aago mọ́wọ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. "Òkú yìí ò fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́!" Síbẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wa tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé tí wọn ò kọ́ tán náà kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tó jìn. Tí wọ́n bá dé ibi òkú kẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n rán mi rà lọ́wọ́. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ní, "Háà, èyí gan-an le o." Inú mi wú, ó kún dé ọ̀nà ọ̀fun, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé ta ni èyí tó le yẹn.

Wọn kì í jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà dá lọ sílé àna rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ọmọdé kan gbọ́dọ̀ bá a lọ, kí ẹlẹ́nu má bàa rí nǹkan sọ. Èmi ni ọmọdé náà. A lọ kí wọn ní Okókómáíkò ní Sátidé kan, bí a sì ti jókòó tán ni Àǹtí so ìró rẹ̀ le, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti bá wọn tu ìyẹ́ adìẹ. Mo kù sí pálọ̀ pẹ̀lú Ìyá Ṣẹ́gun tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, àti Tóyìn, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Tóyìn wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ ní fídíò nílé yín?" Mo ní rárá. "Kí lẹ wá ń wò?" Mo ní ìròyìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, mo sì rí i pé tiwa ni, ti ẹ̀yìn ilé wa. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Tóyìn ní, "Ṣé o mọ̀ pé òkú gidi ni wọ́n lò? Mọ́ṣúárì ni wọ́n ti lọ kó wọn." Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Kí ni ìwọ mọ̀? Ẹ ò ní fídíò." Ìgbà yẹn ni òkú kẹta dìde. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fò sókè. "Àǹtí mi nìyẹn! Àǹtí Rẹ̀mí ni! Èmi ni mo gbé ìyẹ̀fun!"

Ìyá Ṣẹ́gun ò pariwo. Wọ́n ní, "Ta lo pè, ọmọ mi?" Ohùn wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé mo lè gbé ọ̀rọ̀ mi mì níbẹ̀. Mo lè ní mo ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọn ò gbà mí gbọ́, ni mo bá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo fi ìka kan apá òkú náà. "Ẹ wo àpá iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò ló jó o lọ́dún Kérésì." Wọ́n ní kí Tóyìn dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kó pa á. Ẹ̀gúsí wà láàárín ìka wọn tí wọn ò bó. Nígbà tí Àǹtí wọlé pẹ̀lú òógùn lójú, tó ń sọ̀rọ̀ adìẹ kan tó jà fitafita, Ìyá Ṣẹ́gun ní, "O kú iṣẹ́, ìyàwó mi. Wá jókòó." Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n fi síbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ gbóná. Àǹtí rò pé ìfẹ́ ni. Ó sì jẹ́ ìfẹ́, kí n má purọ́ mọ́ Ìyá Ṣẹ́gun tó ti kú báyìí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un bá a ṣe ń padà sílé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyá Ṣẹ́gun fi wá sí Ìbà fúnra wọn, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn kan. Wọ́n lé àwa ọmọdé síta, mo sì fi etí mọ́ fèrèsé. Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ náà mọ́. Bàbá mi tí kì í gbé ohùn sókè gbé e sókè lọ́jọ́ náà, Èkìtì sì kún inú rẹ̀: "Ẹ̀yin Ìyá, fíìmù mà ni! Pọ́dà ni! Ìyẹ̀fun àti epo pupa!" Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Bàbá Dúpẹ́, mo mọ̀ pé pọ́dà ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i. Mo ti rí i tó dìde nínú sàréè. Tó bá wọlé wa, ọjọ́ tí orí bá kọ́kọ́ fọ́ ọ, ẹ̀rù ló máa pa èmi. Mo ti sin ìyàwó kan. Mi ò lè sin méjì." Wọ́n bú sẹ́kún, ìyá mi náà bú sẹ́kún. Gbogbo ìwé tí bàbá mi kà, kò sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ yẹn dọ́gba. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí fíìmù tí kò náni lówó lè ṣe. Gbogbo wa ló mọ̀ pé pọ́dà ni.

Kí Ìyá Ṣẹ́gun tó lọ, wọ́n wọ inú ìsọ̀ lọ bá Àǹtí, àwọn méjèèjì pẹ́ níbẹ̀, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Búọ̀dá Ṣẹ́gun náà yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kejì. Irun ni Àǹtí ń dì lọ́wọ́, kò dá a dúró. "Rẹ̀mí, ìyá mi ni…" Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ọkùnrin náà dúró títí irun fi tán, ó sì lọ. Àpá iná ọwọ́ Àǹtí ni gbogbo ilé gbà pé Ìyá Ṣẹ́gun fi dá a mọ̀ nínú fíìmù. Ìyá mi ń ṣépè fún Dáírẹ́kítọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn ò jẹ́ kó pọnmi ní kànga nígbà tí àwọn bá wà níbẹ̀, kí oṣù tó parí ó ti kó ẹrù rẹ̀. Ó fún mi ní pẹ́ńsùlù kan nígbà tó ń lọ, ó ní kí n kàwé mi. Mo gbà á.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Ṣẹ́gun lọ ni mi ò lè gbàgbé. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Àǹtí Rẹ̀mí wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mú àwo kan nínú omi, ó ń bá mi fọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Dúpẹ́, lọ́jọ́ tí a lọ sí Okókómáíkò, ṣé ẹ wo fíìmù kankan?" Mo ní, "Rárá, Àǹtí." Ó ní, "Ẹ ò wo nǹkan kan rárá?" Mo ní, "Ìròyìn la wò." Ó wò mí. Ó tún wò mí, bíi pé ó fẹ́ fún mi láyè kí n mí. Mo tẹjú mọ́ ọṣẹ. "Ó dáa," ló wí, ó sì dìde. Mo ti bi ara mi ní àìmọye ìgbà pé kí ni mo ń bẹ̀rù. Àǹtí ò nà mí rí ju kóòmù lọ. Bóyá pé kó má fẹ́ràn mi mọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ẹ̀yin ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ńkọ́? Ọmọ ogójì ọdún ńkọ́?

Àǹtí kó lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣí ìsọ̀ tuntun, ó wá fẹ́ olùkọ́ kan tó dára sí i, ó bí ọkùnrin méjì. Kò ṣe eré mọ́. Gbogbo ẹbí ní ohun gbogbo yọrí sí rere, èmi náà ń bá wọn sọ ọ́, mo tiẹ̀ ń sọ ọ́ sókè jù wọ́n lọ. Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí i. Ó ti di ìyá àgbà, ó jókòó sí fàráńdà, ó ń ṣa ẹ̀wà, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì kó orí jọ sórí fóònù nínú pálọ̀, òkú òyìnbó kan ń ké lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí ó bọ́ lẹ́nu mi: "Àǹtí, èmi ni mo sọ fún wọn ní Okókómáíkò."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀," ló wí. "Ìyá Ṣẹ́gun sọ fún mi nínú ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n má nà ẹ́, pé o kàn ń fi mí yangàn ni." Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ tún fi bi mí?" Ó ní, "Kí o lè sọ ọ́ ni." Ó mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun ló dùn mí, Dúpẹ́. Ọkùnrin tí ẹkún ìyá rẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ mi, á bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan ṣáá ni. Ìwọ ni mo ń retí. Mo ní bóyá lọ́la. Mo ní tó bá wọ sẹ́kọ́ńdírì, á gbọ́n. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ, tí o kúnlẹ̀ síwájú mi fún àdúrà, mo ní òní ni. Mo fa àdúrà yẹn gùn títí àwọn ènìyàn fi ń kùn. O ṣe àmín, o dìde. Láti ìgbà yẹn, mi ò retí mọ́."

Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níbẹ̀, èmi tí mo ti lọ́mọ ní yunifásítì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́ kí a tó jẹ ẹ̀bà alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò kàn rí ọ̀nà sọ ọ́ fún ẹ ni, torí o ní o ò ṣe nǹkan kan."